Ẹ fi àbẹ́là pa etí àga àtijọ́ kí ẹ tó kùn ún

Tẹ́ ẹ bá ń kun àga tàbí kọ́bọ́ọ̀dù àtijọ́, tẹ́ ẹ sì fẹ́ kí àwọ̀ igi máa yọjú lábẹ́ ọ̀dà, ẹ kọ́kọ́ fi àbẹ́là pa àwọn etí àti igun rẹ̀, níbi tí ọwọ́ èèyàn máa ń kàn jù. Ẹ kùn ún, kó gbẹ dáadáa, kí ẹ wá fi sáńpépà kíkúnná fá ibẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́. Wẹ́rẹ́ ló máa ṣí, torí ọ̀dà kì í lẹ̀ mọ́ ìda. Ìrókò àti ọ̀gánwó ló dára jù fún un. Àwọ̀ wọn rẹwà ju kéèyàn bò ó pátápátá lọ. Ẹ nu eruku kúrò, kí ẹ fi ìda oyin dán an. Àmọ́ o, ẹ má fi àbẹ́là kan ojú tábìlì: ọ̀dà ibẹ̀ á kàn máa bó ni.