Bí mo ṣe ṣe ètò orí fóònù fún àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni

Ẹgbẹ́ aláàánú kan ní Ìbàdàn, tí ó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìwé kíkà ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, ní kí n bá àwọn ṣe ètò tí wọn yóò máa fi bójú tó àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni tó ń kọ́ àwọn ọmọ náà. Fọ́ọ̀mù ìforúkọsílẹ̀ ni wọ́n béèrè fún. Mo gbà, ṣùgbọ́n mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ jókòó ti àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà.

Ìwé àkọsílẹ̀ màmá tó jẹ́ alábòójútó ló kọ́kọ́ là mí lójú. Wọ́n fi bírò pupa sàmì sí ẹ̀gbẹ́ àwọn orúkọ kan, mo sì béèrè ohun tí àmì náà wà fún. Wọ́n ní, “Àwọn wọ̀nyí á ní àwọn ń bọ̀, wọn ò sì ní wá.” Mo wá bá àwọn olùyọ̀ǹda náà sọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mi ò bi wọ́n ní ohun tí wọ́n ń fẹ́ lórí fóònù. Mo ní kí wọ́n ròyìn bí Sátidé tó kọjá ṣe lọ fún mi. Ọ̀dọ́bìnrin kan ṣí WhatsApp rẹ̀ hàn mí. Màmá ti béèrè lójú gbogbo ẹgbẹ́ pé ta ló ń bọ̀, òun náà sì ti dáhùn pé, “Mò ń bọ̀ mà,” bẹ́ẹ̀ ó ti mọ̀ pé òun ń rìnrìn àjò. Ó ní, “Ṣé kí n wá sọ fún màmá lójú gbogbo èèyàn pé mi ò wá ni?”

Ọ̀wọ̀ àgbà ni kò jẹ́ kí wọ́n lè kọ̀, orí èyí ni mo sì gbé gbogbo iṣẹ́ náà kà. Ètò náà fúnra rẹ̀ ni yóò máa fi ìbéèrè ránṣẹ́ sí ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ìkọ̀kọ̀ nírọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀. “Mò ń bọ̀” àti “Mi ò ní lè wá” yóò tóbi bákan náà, a kò sì ní béèrè ìdí lọ́wọ́ ẹni tí kò bá lè wá. Mo yà á sórí ìwé tí mo gé dọ́gba pẹ̀lú ojú fóònù, mo sì fún wọn kí wọ́n máa tẹ̀ ẹ́. Jakob Nielsen, onímọ̀ nípa bí ètò kọ̀ǹpútà ṣe lè rọrùn láti lò, kọ ọ́ ní ọdún 2000 pé ẹni 5 tó láti fi rí èyí tó pọ̀ jù nínú àléébù irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, nítorí náà ìwọ̀nba èèyàn ni mo ń pè, tí mo sì ń tún un ṣe kí n tó pe àwọn mìíràn. Ibi tí wọ́n ti ń dúró ni “Mi ò ní lè wá”: wọ́n á na àtàǹpàkò, wọ́n á tún fà á sẹ́yìn. Nígbà tí mo kọ “Ẹ ṣeun tí ẹ tètè sọ fún wa” sábẹ́ rẹ̀, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ láìfòyà.

Mo yọ ọjọ́ ìbí àti àdírẹ́sì ilé kúrò nínú fọ́ọ̀mù, nítorí òfin ààbò ìwífún tí Nàìjíríà ṣe ní 2023 kò fẹ́ kí a gba ju ohun tí iṣẹ́ bá nílò lọ. Ẹni tí kò bá ní dátà lè fi SMS dáhùn. Níwọ̀n bí púpọ̀ nínú wọn ti jẹ́ àgùnbánirọ̀, tí ìsìnrú ìlú wọn kì í ju ọdún kan lọ, ètò náà ń rántí oṣù tí kálukú yóò parí, ó sì ń ta màmá lólobó ṣáájú kí wọ́n lè tètè wá ẹni tí yóò gba kíláàsì náà.