Bí àbúrò mi tó ní ótísíìmù ṣe rí iṣẹ́ kọ́ ní Kétu

Àbúrò mi ọkùnrin ti pé ọdún 23. Ó ní ótísíìmù, ìyẹn ni pé ọpọlọ rẹ̀ ń gba ọ̀rọ̀ àti ariwo lọ́nà tó yàtọ̀ sí ti ẹlòmíì. Ṣọ́ọ̀bù télọ̀ méjì ló ti dá a padà sílé, torí bí ariwo ẹ̀rọ bá ti pọ̀, á di etí, á sì sá jáde. A gbàdúrà, a ra àgbo, a wọkọ̀ lọ sí Kútọnu lẹ́ẹ̀mẹta. Ọmọdé nìkan ni wọ́n ń gbà níbi tí a dé.

Mo wá lọ sí GUPS, ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ìrànlọ́wọ́ aráàlú, tí a ń pè ní CPS tẹ́lẹ̀, láti béèrè carte d'égalité des chances, ìyẹn káàdì àǹfààní ọgbọọgba, tí òfin Benin ti ọdún 2017 là sílẹ̀ fún àwọn aláàbọ̀ ara. Ìyá tó dá mi lóhùn bi mí pé, "Kí ni ọwọ́ rẹ̀ mọ̀ ọ́n ṣe?" Ẹnikẹ́ni ò bi wá bẹ́ẹ̀ rí! Àbúrò mi fẹ́ràn kó máa to nǹkan, kó máa dì í. Ìyá náà wá júwe bàbá kan fún mi tó ń hun apẹ̀rẹ̀ nínú àgbàlá tó pa rọ́rọ́.

A ya àwòrán iṣẹ́ náà ní ìpele-ìpele, a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Wákàtí kan láràárọ̀ la fi bẹ̀rẹ̀. Oṣù kẹrin rèé, apẹ̀rẹ̀ mẹ́fà ló ti hun. Káàdì ò tíì jáde. Ó lè má rí bẹ́ẹ̀ fún ọmọ ẹlòmíì o, ṣùgbọ́n ẹ mú ìwé dókítà dání. Òun ni wọ́n kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ mi.