Bẹ́ ẹ ṣe máa lo Cefuroxime láì kó sí wàhálà

Kẹ́ ẹ tó gbé Cefuroxime, oògùn apakòkòrò (antibiotic), sẹ́nu, ẹ sọ fún dókítà bí Amoxil tàbí Ampiclox bá ti mú kójú yín wú rí, torí mọ̀lẹ́bí Cefuroxime ni wọ́n. Ẹ jẹun kẹ́ ẹ tó lò ó, ara máa ń gbà á dáadáa bẹ́ẹ̀, ẹ má rún un o, ó korò ju ewúro lọ! Iye ọjọ́ tí wọ́n bá kọ ni kẹ́ ẹ lò, ẹ má fi méjì pamọ́ de àìsàn mí ì. Tó bá di ìgbẹ́ gbuuru tí ò dáwọ́ dúró, tàbí ẹ̀jẹ̀ wà nínú ẹ̀, ẹ má fúnra yín lo Imodium tó ń dá ìgbẹ́ gbuuru dúró, ẹ lọ rí dókítà, kódà kẹ́ ẹ ti lo Cefuroxime tán láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ara ń yún yín, ó ń lé? Ẹ dá oògùn náà dúró, ẹ pe dókítà. Ètè wú, èémí ò já gaara? Ọsibítù kíá, ẹ má jókòó ti Piriton.