Bí Òbí Ṣe Lè Gba Ọmọ Rẹ̀ Sílẹ̀ Lọ́wọ́ Ìjọ́sìn Àpàpàǹdodo ní Ilé-Ẹ̀kọ́

Ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ní Ìbàdàn ṣì ń jẹ́ orúkọ ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ẹgbẹ́ mùsùlùmí tí ó dá wọn sílẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ ìjọba ni wọ́n wà láti àwọn ọdún 1970. Nígbà tí àdúrà ẹ̀sìn kan bá wá di dandan lórí ìlà òwúrọ̀, ọmọ ẹlẹ́sìn mìíràn, tàbí ọmọ ilé tí wọn kì í ṣe ẹ̀sìn kankan, ni wọ́n ń fìyà jẹ.

Ẹ kọ́kọ́ ka ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 fúnra yín. Abala 10 ní kí ìjọba àpapọ̀ tàbí ti ìpínlẹ̀ má ṣe sọ ẹ̀sìn kankan di ẹ̀sìn ìjọba. Abala 38 fún olúkúlùkù ní òmìnira èrò, ẹ̀rí-ọkàn àti ẹ̀sìn, títí kan ẹ̀tọ́ láti yí ìgbàgbọ́ rẹ̀ padà. Ìpín kejì abala yìí ni ó kàn yín jù: a kò gbọdọ̀ fi dandan mú akẹ́kọ̀ọ́ ní ibi ẹ̀kọ́ èyíkéyìí gba ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn, tàbí kí ó kópa nínú ìjọ́sìn, bí ẹ̀sìn náà kì í bá ṣe tirẹ̀, tàbí bí òbí tàbí alágbàtọ́ rẹ̀ kò bá fọwọ́ sí i. Ìdí rèé tí òfin náà fi wúlò fún òbí tí ó ń ṣiyèméjì nípa ẹ̀sìn gbogbo: kò di dandan kí ó dárúkọ ẹ̀sìn mìíràn kí ó tó lè sọ pé òun kò fọwọ́ sí èyí.

Kí ẹ tó kọ lẹ́tà, ẹ bi ọmọ náà léèrè ohun tí òun fúnra rẹ̀ fẹ́. Ọmọ tí ó ti tó ronú ní ẹ̀rí-ọkàn tirẹ̀. Kò dára kí a gba ipá lọ́wọ́ olùkọ́ kí a tún wá lò ó nílé.

Ẹ kọ lẹ́tà náà sí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ní ẹ̀dà méjì, kí wọ́n sì buwọ́ lu èyí tí yóò wà lọ́wọ́ yín. Ẹ lè kọ ọ́ báyìí: “Gẹ́gẹ́ bí abala 38 ìwé òfin ọdún 1999 ṣe là á sílẹ̀, èmi òbí ọmọ yìí kò fọwọ́ sí i pé kí ó máa kópa nínú ìjọ́sìn òwúrọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí ó dúró ní kíláàsì títí àdúrà yóò fi parí, kí ó tó wá bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ orin orílẹ̀-èdè.” Ẹ má ṣe bu ẹ̀sìn ẹnikẹ́ni kù nínú rẹ̀, nítorí ẹ̀tọ́ ni ẹ ń béèrè, ẹ kò pe ẹnikẹ́ni níjà lórí bóyá Ọlọ́run wà.

Bí wọn kò bá dáhùn, ẹ kọ̀wé sí Ilé-Iṣẹ́ Ètò Ẹ̀kọ́ ní Sẹkitéríàtì, Agodi, kí ẹ sì fi ẹ̀dà lẹ́tà àkọ́kọ́ mọ́ ọn. Abala 46 tún fàyè gbà yín láti gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí Ilé-Ẹjọ́ Gíga ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Bí owó lọ́yà bá ju agbára yín lọ, ẹ kó gbogbo ìwé wọ̀nyí lọ bá Legal Aid Council, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ó ń fi lọ́yà ran àwọn tí kò lówó lọ́wọ́.