Ẹ sùn lóru, oorun tún ń gbé yín lọ lọ́sàn-án? Bí ẹ ṣe lè fura sí narcolepsy, àti bí ẹ ṣe máa gbé e dé iwájú dókítà

Nígbà tí àbúrò mi ọkùnrin wà ní SS2, mo ṣí nóòtì Biology rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ìlà mẹ́ta àkọ́kọ́ mọ́ tónítóní, ìlà kẹrin ti ń yọ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ìkarùn-ún ti di ìlà gbọọrọ kan tí báírò fà títí tó fi já kúrò lórí ìwé, ìgbà tí ọ̀rọ̀ máa tún bẹ̀rẹ̀, orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù ló ń kọ. Oorun ti gbé e, ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń kọ̀wé lọ. Tíṣà ní ọ̀lẹ ni. Màmá wa ní fóònù ni kì í jẹ́ kó sùn lóru. Àwọn ará àdúgbò ní ogun òru ni, wọ́n mú un lọ sórí òkè àdúrà fún ọjọ́ mẹ́ta, orí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀ náà ló ti ń sùn. Ọdún mẹ́fà gbáko ló gbà ká tó gbọ́ orúkọ àìsàn yìí lẹ́nu dókítà kan, ó sì ń dùn mí títí dòní.

Narcolepsy, àìsàn ọpọlọ tó ń jẹ́ kí oorun máa gbé èèyàn lọ láì fẹ́, kì í ṣe ìwà. Kẹ́míkà kan wà nínú ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní orexin, òun ló ń jẹ́ kí ojú èèyàn là gbọin títí ilẹ̀ á fi ṣú. Fún àwọn tó ní oríṣi kìíní, èyí tó ń mú ara rọ lójijì, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe kẹ́míkà yìí ló ti kú dànù, kò wá sí nǹkan tó ń di ilẹ̀kùn oorun mú mọ́. Láti 1880 ni dókítà ará Faransé kan, Gélineau, ti fún un lórúkọ, àmọ́ 1998 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí orexin fúnra rẹ̀. Láàárín ọmọ ọdún 10 sí 30 ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, ìyẹn gan-an nígbà tí wọ́n máa ń pe ọmọ ní ọ̀lẹ.

Àmì tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ wò ni oorun ọ̀sán tó ń wá lójoojúmọ́ fún oṣù mẹ́ta ó kéré tán, bẹ́ẹ̀ ẹ sì ń fún oorun òru ní wákàtí tó tó. Tí ẹ bá ń jí ní aago mẹ́rin ìdájí torí gosiló Èkó tí ẹ ò sì wọlé títí aago mẹ́wàá alẹ́, gbèsè oorun lẹ jẹ yẹn, ẹ kọ́kọ́ san án ná. Ẹni tó ń hanrun burúkú, tí mímí rẹ̀ ń dá dúró lóru, nǹkan míì ló ṣeé ṣe kó ń ṣe é. Ẹ̀jẹ̀ tí kò tó, àìsàn thyroid (ẹ̀yà ara kan tó wà lọ́rùn), àti oògùn bíi Piriton náà ń mú èèyàn sùn. Ti narcolepsy, tí ẹ bá rẹjú bí ìṣẹ́jú 15 sí 20, ara á sábà yá gágá, wákàtí méjì lẹ́yìn náà ó tún ti dé.

Àmì kejì ni kò sí ẹni tó máa ń rò ó mọ́ oorun, wọ́n ń pè é ní cataplexy. Níbi ìsọmọlórúkọ kan, ẹ̀gbọ́n wa kan sọ nǹkan tó pa wá lẹ́rìn-ín, mo ń wo àbúrò mi tó mú ife zobo dání: àgbọ̀n rẹ̀ ló kọ́kọ́ já wálẹ̀, ọrùn tẹ̀, orúnkún rọ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ife bọ́, ó wà nílẹ̀. Wọ́n pariwo wárápá, ẹnì kan ti lọ mú ṣíbí wá. Kò tíì tó ìṣẹ́jú kan tó dìde, gbogbo nǹkan tá a sọ ló gbọ́, ó lè kà á lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ rántí èyí o: ẹ̀rín tàbí ìyàlẹ́nu ló ń fa á, iyè rẹ̀ sì wà níbẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ní narcolepsy ló ń ní in ṣá.

Àwọn tó kù ni pé kéèyàn jí kó má lè mira, kó máa rí ẹnì kan nínú yàrá, kí àlá bẹ̀rẹ̀ bó ṣe ń sùn lọ, kí oorun òru náà máa já. Ara tó kọ̀ tí kò ṣeé mì yẹn ń ṣe ọ̀pọ̀ èèyàn tí kò ní narcolepsy, torí náà òun nìkan ò tó ẹ̀rí.

Ibi tó ti bàjẹ́ fún wa jù ni ọ̀rọ̀ ẹnu. Gbogbo ìgbà tá a bá dé ọsibítù, “ó ń rẹ̀ ẹ́” la máa ń sọ, wọ́n á sì kọ oògùn ibà àti oògùn ẹ̀jẹ̀ fún wa. Àárẹ̀ yàtọ̀ sí oorun. Ẹni tó rẹ̀ lè jókòó kó má sùn. Ẹ sọ pé: “Mo ń sùn lọ láì fẹ́, bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nìyí, ibi tó ti ṣẹlẹ̀ nìyí, tí mo bá rẹ́rìn-ín ara mi ń rọ.”

Ẹ wá gbé ẹ̀rí dání, torí pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí dókítà máa fi rí yín, ojú yín lè là kedere. Fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ máa kọ aago tí ẹ sùn, aago tí ẹ jí, iye ìgbà tí ẹ sùn lọ́sàn-án àti ohun tí ẹ ń ṣe lọ́wọ́, oògùn, kọfí àti obì náà. Ẹ wá Epworth Sleepiness Scale lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìbéèrè mẹ́jọ ni, lórí bóyá ẹ lè sùn níbi tí ẹ ti ń kàwé, tí ẹ ń wo tẹlifíṣàn, tàbí nínú mọ́tò tó dúró nínú gosiló, máàkì 0 sí 3 lọ́kọ̀ọ̀kan. Tí àpapọ̀ rẹ̀ bá ti kọjá 10, ó yẹ kí dókítà rí i. Ẹ ní kí ará ilé fi fóònù ká fídíò, kó sì tẹ̀ lé yín lọ. Èmi gbé nóòtì Biology yẹn lọ, òun ni dókítà wò tó fi béèrè pé, “ẹ̀rín ńkọ́?”

Ní Nàìjíríà, ẹ ní kí dókítà tó bá kọ́kọ́ rí yín kọ lẹ́tà sí neurologist (dókítà tó ń wo àìsàn ọpọlọ) ní ọsibítù ńlá, bíi UCH Ìbàdàn, LUTH Ìdí-Àràbà tàbí èyí tó wà ní Ifẹ̀. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ béèrè bóyá wọ́n ń ṣe tẹ́ẹ̀sì tọ̀sán mọ́ tòru, torí méjèèjì lẹ nílò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Britain, GP yín, ìyẹn dókítà àdúgbò yín, ló máa fi yín ránṣẹ́ sí sleep clinic, níbi tí wọ́n ti ń wo àìsàn oorun. Bí tẹ́ẹ̀sì náà ṣe rí nìyí: wọ́n á lẹ wáyà mọ́ yín lórí àti lára, ẹ ó sùn mọ́jú, ọjọ́ kejì wọ́n á ní kí ẹ sùn nígbà mẹ́rin tàbí márùn-ún, wákàtí méjì síra. Tó bá jẹ́ pé tí a bá pín in dọ́gba, kò ju ìṣẹ́jú mẹ́jọ lọ kí oorun tó gbé yín, tí ẹ sì tètè bọ́ sínú oorun àlá nígbà méjì ó kéré tán, narcolepsy ni wọ́n máa fura sí. Oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn lè ba èsì yìí jẹ́, àmọ́ ẹ má dá a dúró fúnra yín o, dókítà ló máa sọ bí ẹ ṣe máa ṣe é.

Ní báyìí ná, ẹ má wa mọ́tò, ẹ má wa ọ̀kadà, ẹ má dá nìkan dúró ti epo gbígbóná. Tí wọ́n bá sọ pé narcolepsy ni ní Britain, dandan ni kí ẹ sọ fún DVLA, àjọ tó ń bójú tó ìwé àṣẹ ìwakọ̀ níbẹ̀. Ẹ má ra modafinil (oògùn tó ń lé oorun) fúnra yín, oògùn wà tó ń ran àwọn tó ní narcolepsy lọ́wọ́ lóòótọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn ò tíì rí èyí tó ń wò ó tán, dókítà ló yẹ kó yàn án.

Tí èsì bá sì jáde tí wọ́n ní kò sí nǹkan, tí ẹ ṣì ń sùn lọ lórí oúnjẹ, ẹ padà lọ. Tẹ́ẹ̀sì náà lè ṣì í mú, wọ́n lè tún un ṣe, ẹ sì gbé ìwé ọ̀sẹ̀ méjì míì dání.