Bí A Ṣe Ń Tẹ̀lé Àwọn Ẹgbẹ́ Olórin Indie àti Folk Láti Orí Sẹ́ṣọ̀n Dé Ojú Agbo

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ẹgbẹ́ olórin kan kí òkìkí rẹ̀ tó kàn kò gbọdọ̀ dúró de àwo orin. Àwọn ọ̀dọ́ olórin lè máa ṣeré nínú ilé ọtí àti gbọ̀ngàn kékeré fún ọdún méjì tàbí mẹ́ta kí wọ́n tó rówó gbé àwo àkọ́kọ́ wọn jáde, àárín ìgbà yẹn gan-an sì ni orin wọn máa ń yí padà jù lọ. Bẹ́ẹ̀ ló rí nínú orin indie, ìyẹn orin àwọn ẹgbẹ́ tí kò sí lábẹ́ àwọn iléeṣẹ́ ńláńlá tó ń gbé orin jáde, bẹ́ẹ̀ náà ló sì rí nínú orin folk, tó gbára lé gìtá, fáyólìn, báńjò àti ohùn ènìyàn. Mo fẹ́ ṣàlàyé bí olùgbọ́ tó wà ní London, ní Glasgow, ní Chicago, tàbí ní Ìbàdàn pàápàá, ṣe lè bá irú àwọn ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ rìn láti ìbẹ̀rẹ̀, àti ohun tó yẹ kí ó máa fetí sí.

Orí sẹ́ṣọ̀n ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Sẹ́ṣọ̀n ni orin mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí ẹgbẹ́ kan bá kọ fún iléeṣẹ́ rédíò tàbí ìkànnì kan, tí wọ́n sì gbà sílẹ̀ ní ìjókòó kan, láìsí àyè láti máa tún un ṣe fún oṣù mélòó kan bí wọ́n ti ń ṣe àwo orin. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà lára ibi tí àṣà yìí ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ jù lọ, ohun tó sì fà á kì í ṣe ìfẹ́ orin nìkan. Àdéhùn kan wà láyé àtijọ́ tó fi òdiwọ̀n sí iye wákàtí tí BBC lè fi gbé àwo orin sáfẹ́fẹ́, nítorí ẹ̀rù ń ba ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àwọn olórin pé àwo yóò gba oúnjẹ lẹ́nu wọn. BBC wá ní láti máa pe àwọn olórin wá sí sítúdíò rẹ̀ kí ètò má baà ṣófo. John Peel, atọ́kùn ètò tó ṣiṣẹ́ ní Radio 1 ti BBC láti 1967 títí tó fi kú ní 2004, sọ ohun tó jẹ́ ọ̀ranyàn yìí di àǹfààní fún àwọn tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀. Sẹ́ṣọ̀n tí wọ́n gbà sílẹ̀ fún ètò rẹ̀ lé ní 4,000, ọ̀pọ̀ nínú wọn ní sítúdíò Maida Vale ní London. Ẹgbẹ́ kan á wọlé lọ́sàn-án, wọn á kọ orin bíi mẹ́rin, iṣẹ́ á sì ti parí lórí gbogbo rẹ̀ kí wọ́n tó lọ sùn. Ìkánjú yẹn ló mú kí sẹ́ṣọ̀n níye lórí fún olùgbọ́, torí pé ohun tí ẹgbẹ́ náà lè ṣe lọ́jọ́ náà ni ẹ ń gbọ́, kì í ṣe ohun tí owó àti àsìkò bá wọn tún ṣe.

Lónìí, ibi tí mo máa ń kọ́kọ́ darí ènìyàn sí ni Tiny Desk, ètò fídíò orin tí iléeṣẹ́ rédíò NPR ti Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ní 2008. Bob Boilen, tó ń ṣiṣẹ́ ní NPR nígbà yẹn, àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan lọ gbọ́ Laura Gibson, akọrin folk, ní àjọ̀dún SXSW ní ìlú Austin, ṣùgbọ́n ariwo àwọn èrò bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀. Wọ́n ní kí ó kúkú wá kọrin nídìí tábìlì Boilen ní ọ́fíìsì wọn ní Washington, ó sì wá. Ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ nípa yàrá yẹn ni pé ohùn akọrin kì í gba inú sípíkà jáde síta. Makirofóònù ń gbà á sílẹ̀ fún àwa tí a máa wo fídíò, ṣùgbọ́n àwọn tó wà nínú yàrá, títí kan onílù fúnra rẹ̀, etí lásán ni wọ́n fi ń gbọ́ ọ. Bí onílù bá lu ìlù bí ó ti máa ń lù ú ní gbọ̀ngàn, akọrin ti rì nìyẹn. Nítorí náà, ẹ máa wo ọwọ́ onílù àti ti ẹni tó ń ta gìtá: ẹgbẹ́ tó mọ bí a ti ń gbọ́ ara ẹni yóò fà sẹ́yìn fún akọrin láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún wọn, èyí tó jẹ́ pé ẹ̀rọ ló ń gbé e ró yóò sì hàn kedere láàárín orin kan ṣoṣo.

NPR tún ń ṣe ìdíje Tiny Desk fún àwọn tí kò tíì bá iléeṣẹ́ kankan tọwọ́ bọ̀wé. Gaelynn Lea, tó ń ta fáyólìn láti ìlú Duluth ní Minnesota, ló borí ní 2016 láàárín ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn tó fi fídíò ránṣẹ́. Orí YouTube ni àwọn olùdíje ń gbé fídíò wọn sí, ó sì dá mi lójú pé àwọn tí kò borí ni ìṣúra ibẹ̀. Ẹ wá wọn pẹ̀lú orúkọ ìlú tí ẹ ń gbé, ẹ ó rí olórin tó ṣeé ṣe kí ó máa ṣeré nítòsí yín lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

KEXP, iléeṣẹ́ rédíò kan ní Seattle, ni ìkejì. Àwọn máa ń fún ẹgbẹ́ ní àyè tó tó nǹkan bí ìdajì wákàtí, atọ́kùn yóò sì bá wọn fọ̀rọ̀ wérọ̀, nítorí náà ẹ óò mọ ẹni tó kọ orin wo àti ibi tí wọ́n ti pàdé. Ní 2010, KEXP rìnrìn àjò lọ sí Reykjavík fún àjọ̀dún Iceland Airwaves, wọ́n sì ya fídíò àwọn ọ̀dọ́ kan tí wọ́n ń kọrin nínú pálọ̀ ilé kan. Of Monsters and Men ni ẹgbẹ́ náà. Ọdún yẹn ni wọ́n borí nínú Músíktilraunir, ìdíje àwọn ẹgbẹ́ olórin ní Iceland, wọn kò sì tíì ní àwo kankan. Àwo àkọ́kọ́ wọn jáde ní Iceland ní 2011, nígbà tó sì di 2012, ó wọ ipò kẹfà lórí àtẹ Billboard 200 ní Amẹ́ríkà. Ẹni tó wo fídíò pálọ̀ yẹn nígbà tó jáde ti ṣáájú àwọn yòókù dáadáa.

Àwọn àkójọ àtijọ́ méjì kan náà yẹ ní yíyẹ̀ wò, méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í gba sẹ́ṣọ̀n sílẹ̀ ní 2006. Rock Island ní Illinois ni Daytrotter ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí àwọn ẹgbẹ́ tó ń ti ìlú kan bọ̀ sí òmíràn ti máa ń yà nígbà náà fún wákàtí mélòó kan láti gba orin díẹ̀ sílẹ̀. La Blogothèque ti Paris ní tiwọn máa ń mú olórin jáde sí òpópónà, sí orí àtẹ̀gùn, sí ilé kọfí, tí kámẹ́rà á máa tẹ̀ lé wọn bí wọ́n ti ń kọrin lọ.

Òǹkàwé Yorùbá tó bá fẹ́ ibi tí ọkàn rẹ̀ yóò tètè gbà, kí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú sẹ́ṣọ̀n Ibeyi. Ìbejì ni Lisa-Kaindé àti Naomi Díaz, ọmọ Anga Díaz, onílù ará Kúbà tó lórúkọ. Àwo àkọ́kọ́ wọn jáde ní 2015. Dùùrù, kàhónì tí wọ́n ń jókòó lé lù, àti ìlù bàtá ló sábà máa ń wà níwájú wọn, wọ́n sì máa ń fi èdè Lukumí, Yorùbá tó gbilẹ̀ ní Kúbà, ki Ẹlẹ́gbára àti Ọ̀ṣun. Ẹ fetí sí ibi tí ohùn méjèèjì ti wọ inú ara wọn. Àwo wọn dùn, ṣùgbọ́n inú sẹ́ṣọ̀n ni mo ti gbọ́ ọ pé ènìyàn méjì péré ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́ yẹn.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti rí ẹgbẹ́ kan tó wù yín, iṣẹ́ tó kù ni kí ẹ máa gbọ́ orin kan náà lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, láti ibi tó yàtọ̀ síra, bí ọjọ́ wọn bá ti tẹ̀ léra. Ẹ wò bóyá eré orin náà ti yá sí i, bóyá ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ti yí, bóyá ẹni tó ń lé e tẹ́lẹ̀ ti di elégbè. Àpẹẹrẹ tó dára jù lọ tí mo mọ̀ ni ẹgbẹ́ tó ń jẹ́ Black Country, New Road. Láti 2018 ni wọ́n ti ń ṣeré ní London, pàápàá ní Windmill, ilé ọtí kan ní Brixton níbi tí black midi, Squid àti Goat Girl náà ti ṣeré nígbà tí wọ́n ń dìde bọ̀. Orin méjì péré ni wọ́n gbé jáde ní 2019. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ìyókù ní láti lọ síbẹ̀, tàbí kí ó wo fídíò tí àwọn olùwòran yà. Nígbà tí àwo wọn wá jáde ní oṣù Kejì ọdún 2021, àwọn tó ti ń bá wọn bọ̀ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ inú orin ti yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀.

Ní ìparí oṣù Kìíní ọdún 2022, ọjọ́ díẹ̀ kí àwo kejì tó jáde, Isaac Wood tó ń lé orin fún wọn kéde pé òun ti fi ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Àwọn mẹ́fà tó kù pinnu pé àwọn kò ní kọ èyíkéyìí nínú orin orí àwo méjèèjì yẹn mọ́ níbi eré. Àwọn àjọ̀dún ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn sì ti wà nílẹ̀ dè wọ́n. Wọ́n kọ orin tuntun láàárín oṣù díẹ̀, Tyler Hyde, May Kershaw àti Lewis Evans sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba lílé orin fún ara wọn. Nígbà tó fi di oṣù Kejìlá ọdún náà, tí wọ́n gba eré wọn sílẹ̀ ní Bush Hall ní ìwọ̀-oòrùn London, àwọn olùgbọ́ ti mọ orin wọ̀nyẹn sórí, bẹ́ẹ̀ kò sí ọ̀kan nínú wọn tó tíì wà lórí àwo. Ohun tí wọ́n gbà sílẹ̀ níbẹ̀ ni wọ́n gbé jáde ní 2023. Ẹ wá fídíò àwọn eré ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn yẹn, kí ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ti Bush Hall: ẹ ó rí bí ẹgbẹ́ kan ṣe ń kọ́ láti dìde dúró lójú gbogbo ayé.

Síbẹ̀, ìròyìn kò tó àfojúbà. Bí ẹ bá wà níbi tí eré ti ń wáyé, ẹ lọ. Ẹ má fi orúkọ ẹgbẹ́ nìkan wá eré. Ẹ yan gbọ̀ngàn kékeré méjì tàbí mẹ́ta tí ẹni tó ń yan olórin fún wọn ní etí, kí ẹ máa wo ètò wọn lóṣooṣù. Ní London, Green Note ní Camden àti Cecil Sharp House, ilé tí ẹgbẹ́ tó ń tọ́jú orin àti ijó ìbílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní, dára fún folk. Àwọn kíláàbù folk káàkiri ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní àṣà kan tí mo fẹ́ràn púpọ̀: kí àlejò tó gorí ìtàgé, àwọn ará àdúgbò yóò dìde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọn á kọ orin kan tàbí méjì, gbogbo ilé á sì máa gbe ègbè. Ẹni tó bá ti mọ lílé àti ègbè láti ilé kò ní ṣe àjèjì níbẹ̀ rárá. Ní Glasgow, àjọ̀dún Celtic Connections, tó ti ń wáyé ní oṣù Kìíní láti 1994, ní ìtàgé ọ̀fẹ́ kan tí wọ́n fi orúkọ Danny Kyle pè, tó wà fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀. Àwọn tó bá yege níbẹ̀ ni wọ́n ń fún láyè láti ṣí eré fún àwọn àgbà olórin lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ẹni tó wà ní Èkó lè lo etí kan náà ní Freedom Park, ọgbà ẹ̀wọ̀n àtijọ́ tó wà ní Broad Street, nígbà tí wọ́n bá ní eré nílẹ̀.

Aago tí ẹ bá rí lórí tíkẹ́ẹ̀tì sábà máa ń jẹ́ ti ìgbà tí ilẹ̀kùn ń ṣí, kì í ṣe ti ìgbà tí ẹgbẹ́ tí ẹ tìtorí rẹ̀ wá yóò gorí ìtàgé. Kí ẹ wọlé ní aago yẹn. Ẹgbẹ́ tó ń ṣí eré ni ìdí pàtàkì tí mo fi ń sọ bẹ́ẹ̀, nítorí pé lọ́pọ̀ ìgbà, ẹgbẹ́ ńlá fúnra wọn ló yàn wọ́n, etí olórin sì mú ju ti ìpolówó lọ. Ẹ kọ orúkọ wọn sílẹ̀, kí ẹ lọ wá sẹ́ṣọ̀n wọn lọ́jọ́ kejì. Ẹ dúró nítòsí ẹni tó ń ṣàkóso ẹ̀rọ ohùn, torí ohun tó ń gbọ́ níbẹ̀ ló fi ń pín ohùn. Bí orin bá rọlẹ̀, ẹ dákẹ́, ẹ sì gbé fóònù sílẹ̀. Nínú yàrá tí kò gbà ju ọgọ́rùn-ún ènìyàn lọ, olórin ń gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹ bá sọ.

Ní ti owó, a kì í ná olórin níbẹ̀ bí a ti ń ná wọn lójú agbo nílé. Orí tábìlì tí wọ́n ti ń ta àwo àti ẹ̀wù nítòsí ilẹ̀kùn ni kí ẹ ti náwó, nítorí pé owó tíkẹ́ẹ̀tì eré kékeré kì í sábà tó epo mọ́tò àti ilé tí wọ́n máa sùn. Àwọn gbọ̀ngàn ńlá kan máa ń yọ ìpín tiwọn nínú ọjà tí ẹgbẹ́ bá tà. Ní gbọ̀ngàn kékeré, púpọ̀ rẹ̀ ló ń dé ọwọ́ olórin. Ẹni tó wà lókè òkun lè rà á lórí ìkànnì Bandcamp, tó ń yọ ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún lórí orin tí a gbà sórí ẹ̀rọ àti ìdá mẹ́wàá lórí àwo àti ẹ̀wù. Láti oṣù Kẹta ọdún 2020, wọ́n ti ń ya àwọn ọjọ́ Ẹtì kan sọ́tọ̀ tí wọn kì í yọ ìpín yìí rárá. Bí ẹ bá lè dúró de irú ọjọ́ Ẹtì bẹ́ẹ̀ kí ẹ tó rà, ẹ dúró. Bí ẹgbẹ́ náà bá sì wà níwájú yín pẹ̀lú àwo lọ́wọ́, ẹ rà á lálẹ́ ọjọ́ náà.