Ẹyẹ kì í bà ní ẹ̀yìnkùlé mi lásìkò ọyẹ́

Ìbéèrè: Ẹ kú ọyẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ìkẹ́rẹ̀ ni mo wà. Láti ọjọ́ tí ọyẹ́ ti mú ni mo ti ń bu omi sínú abọ́ rọ́bà fún àwọn ẹyẹ, ẹ̀bá ògiri ẹ̀yìnkùlé ni mo gbé e sí. Wọ́n á fò kọjá ni, wọn kì í bà. Àgbàdo tí mo fọ́n sílẹ̀, adìẹ aládùúgbò ló ń ṣà á jẹ.

Ìdáhùn: Àgbàdo kọ́ ni wọ́n ń wá, àbúrò. Afẹ́fẹ́ tó ń ti aṣálẹ̀ Sàhárà wá yìí ti fa omi gbogbo kòtò gbẹ. Omi ni wọ́n ń wá, abọ́ rẹ ló ń lé wọn. Rọ́bà ń yọ̀, ẹsẹ̀ wọn kò rí nǹkan dì mú. Tí omi bá sì lè mu olongo dé àyà, kò ní sún mọ́ ọn. Wá àwo amọ̀ pẹlẹbẹ, irú èyí tí àwọn amọ̀kòkò Ìsàn ń mọ, bu omi tí kò ju ìbú ìka kan lọ sí i, kí o gbé òkúta kan sáàárín tí orí rẹ̀ á yọ síta. Gbé e kúrò lẹ́bàá ògiri, ibẹ̀ ni ológbò ń ba sí. Gbangba ló dára, kí igbó kékeré kan wà nítòsí tí wọ́n lè sá wọ̀. Máa pààrọ̀ omi náà láràárọ̀ nítorí eruku.

Tèmi gbà tó ọjọ́ mẹ́rin. Àdàbà kan ló kọ́kọ́ wá. Ó dúró lórí òkúta, ó ti ẹnu bọ omi, ó ń fà á láìgbé orí sókè bí adìẹ ti ń ṣe. Àwọn ẹ̀gà ń wò ó láti orí igi ọsàn. Kò pẹ́ tí gbogbo wọn fi dé, ariwo ta!

Ìbéèrè: Alápàáǹdẹ̀dẹ̀ abẹ́ òrùlé wa ńkọ́? Ṣé òun ló ń ti Yúróòpù wá?

Ìdáhùn: Rárá o. Èyí tó ń fi ẹrẹ̀ mọlé sọ́dọ̀ rẹ, onílé ni. Àlejò kì í kọ́lé níbí. Wo ọ̀fun wọn: ti àlejò pọ́n bí osùn, ọ̀já dúdú kan sì gba àyà rẹ̀ kọjá. Ti onílé funfun, ọ̀já tirẹ̀ já láàárín. Tí òtútù bá ti ń mú lọ́hùn-ún ní Oṣù Kẹsàn-án, kòkòrò tó ń fò á tán, ebi á sì lé àwọn àlejò gba orí òkun àti aṣálẹ̀ wá síbí, ẹyẹ tí kò wúwo ju nǹkan bí gíráàmù 20 lọ! Ní agbègbè Boje ní ìpínlẹ̀ Cross River, iye tó ń sùn nínú koríko lálẹ́ ju mílíọ̀nù kan lọ.

Ìbéèrè: Ẹyẹ kan tí ikùn rẹ̀ dà bí ìyeyè tó pọ́n ń mi ìrù lẹ́yìn màlúù pẹ̀lú lékèélékèé.

Ìdáhùn: Yellow wagtail ni. Òun náà ti Yúróòpù wá. Lékèélékèé ní tirẹ̀, Òkè Ọya ló ti ń sọ̀ kalẹ̀, bí òjò bá dé á padà.

Ìbéèrè: Mo bá ẹyẹ kan nílẹ̀ lówùúrọ̀, ó le gbagidi. Ṣé òtútù ló pa á?

Ìdáhùn: Ó lè jẹ́ gíláàsì fèrèsé ló fi orí sọ, ojú ọ̀run tó hàn nínú rẹ̀ ló tàn án. Bí o bá tún rí èyí tó ṣì ń mí, gbé e sínú páálí tí o dá ihò sí, bò ó, má rọ omi sí i lẹ́nu. Lẹ́yìn wákàtí kan, ṣí i síta. Àmọ́ tó bá jẹ́ òkú ẹyẹ púpọ̀ lo rí lẹ́ẹ̀kan náà, má fọwọ́ kàn wọ́n, pe dókítà ẹran; àrùn adìẹ (bird flu) tó wọ Nàìjíríà ní 2006 kì í ṣe ohun à ń fi ṣeré.